Ìkéde àdúgbò etí omi: kí ni kí n kọ tí àwọn ará àdúgbò á fi ṣe nǹkan kan sí i?

Akọ̀wéTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò lé mi lọ́wọ́. Òpópónà kan ṣoṣo ni wá, bí ọgọ́ta ilé, ẹ̀yìnkùlé apá kan kọjú sí odò tó ń bá òkun kún tó sì ń bá òkun fà. A ní ògiri tó dá omi dúró, a ní jẹ́tì kan, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tí gbogbo wa jọ ń lò (iná mànàmáná wà lórí rẹ̀), a sì ní páìpù mẹ́rin tó ń da omi gọ́tà sínú odò.

Ìkéde tí mo bá nílẹ̀ kò ju "Omi lè kún lọ́la, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣọ́ra" lọ. Kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Báwo ni ẹ ṣe ń kọ ti omi kíkún tí yóò fi wúlò? Kí ni kí n máa fi tó wọn létí lóṣooṣù nípa ògiri àti gọ́tà? Iná orí jẹ́tì ńkọ́, ṣé ó yẹ ká lẹ òfin kan mọ́bẹ̀? Ohun kan tún wà tó ń rú wọn lójú: omi máa ń yọ lójú gọ́tà lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, tí òjò ò rọ̀ rárá.

Ìdákọ̀ró

"Ẹ ṣọ́ra" kì í ṣe ìkéde, àdúrà ni. Ẹni tó bá ka ìkéde omi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi máa dé, aago tó máa dé ibẹ̀, ohun tí òun máa gbé tàbí tí òun máa tì kí aago yẹn tó lù, àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà máa parí.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kun ìwọ̀n sára òpó jẹ́tì tí omi kì í tán nídìí rẹ̀. Kí ìlà máa wà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10, kí nọ́mbà tóbi débi tí ẹni tó dúró létí omi á fi tọ́ọ̀ṣì kà á lóru. Ẹ wá ṣọ́ ọ nígbà tí omi bá kún dáadáa: nọ́mbà wo ló wà nígbà tí omi kọ́kọ́ yọ lójú gọ́tà tó rẹlẹ̀ jù? Èwo ló wà nígbà tó kan ẹnu ọ̀nà ilé tó rẹlẹ̀ jù? Nọ́mbà méjì yẹn ni gbogbo ìkéde yín máa dúró lé. Ẹ kọ wọ́n sára pátákó ìkéde títí láé.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìwé tó ń sọ àkókò omi kíkún àti fífà kò mọ òpópónà yín. Bí ó bá kọ mítà 2.1, orí ìpìlẹ̀ tí àwọn atukọ̀ ń lò ló ti wọ̀n ọ́n, èyí tó máa ń súnmọ́ ibi tí omi fà dé jù. Kì í ṣe ìjìnlẹ̀ omi lójú títì. Ẹ ka òpó yín nígbà tí omi bá kún jù, ẹ fi wé ohun tí ìwé sọ, ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa rí ìyàtọ̀ nínú gíga, ẹ sì máa rí i nínú aago pẹ̀lú, nítorí pé omi máa ń pẹ́ kó tó dé inú odò lọ́hùn-ún ju etíkun lọ. Bí ìyàtọ̀ náà bá sábà máa ń rí bákan náà, òun lẹ máa fi kún tàbí yọ kúrò. Bí ibi tí ẹ wà bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń yí aago síwá sẹ́yìn láàárín ọdún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé náà ti fi wákàtí yẹn kún un. Ìwé mìíràn kì í fi kún un, ìkéde á wá fi wákàtí kan pẹ́.

Lọ́pọ̀ ibi, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán àti òru, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 síra wọn. Ìdí nìyẹn tí ti ọ̀la fi máa ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti òní lọ. Tó bá jẹ́ àkókò oṣù tuntun tàbí òṣùpá kíkún, tàbí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, omi á ga jù, á sì fà jù. Ẹ fi àmì sí àwọn ọjọ́ yẹn lórí kàlẹ́ńdà gbogbo ọdún, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé, ẹ pín in nílé-nílé. Ìyẹn nìkan á dín ìdajì ìdààmú yín kù.

Ṣùgbọ́n òṣùpá àti oòrùn nìkan ni ìwé yẹn mọ̀. Bí ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ṣe ń tẹ ilẹ̀ bá fi 1 hPa (ẹyọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) lọ sílẹ̀, omi á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1 gòkè. Ohun tó wọ́pọ̀ létí òkun jẹ́ nǹkan bí 1013. Bí ìjì bá mú un wá sí 983, ẹ ti rí sẹ̀ǹtímítà 30 tí kò sí nínú ìwé kankan, kí a tó sọ ti afẹ́fẹ́ tó ń ti omi bọ̀ sí etí bèbè, tàbí ti òjò tó rọ̀ lókè odò lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ kọ ti ìwé, kí ẹ sì wá kọ ohun tí ẹ fi kún un àti ìdí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ rèé:

"ỌJỌ́BỌ̀. Aago 6:40 ìrọ̀lẹ́ ni omi máa kún jù. A retí kó dé 2.3 lórí òpó jẹ́tì (2.1 ti ìwé, a fi 0.2 kún un nítorí ìjì). Ní 2.1 ni omi ń yọ lójú gọ́tà ìsàlẹ̀. Kó tó di aago 5:00, ẹ wa ọkọ̀ kúrò láti ilé 1 dé 14, ẹ gbé ohun tó wà nílẹ̀ gáréèjì sókè. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dé jẹ́tì. Ìkéde yìí parí ní aago 9:00 alẹ́. Ti ọ̀la yóò bọ́ sí bí aago 7:30 ìrọ̀lẹ́; ẹ máa gbọ́ tiwa ní ọ̀sán."

Ẹ wò ó pé aago 5:00 ni mo ní kí wọ́n ti ṣe tán, kì í ṣe 6:40. Kì í ṣe bákan náà ni omi ṣe ń gòkè láti wákàtí dé wákàtí. Bí ẹ bá pín gíga tó máa gùn sí ọ̀nà 12, á gun 1 ní wákàtí kìíní, 2 ní èkejì, 3 ní ẹ̀kẹta, 3 ní ẹ̀kẹrin, 2 ní ìkarùn-ún, 1 ní ìkẹfà. Ìdajì rẹ̀ ń wọlé láàárín wákàtí méjì àárín. Ẹni tó bá ń dúró de aago tí omi kún jù kó tó wa ọkọ̀ kúrò, inú omi ló máa ti wà á.

MọléEtíOmi

Ẹ ṣé, Ìdákọ̀ró. Ọ̀rọ̀ omi inú oòrùn yẹn ni kí n dáhùn.

Akọ̀wé, odò ló ń gba inú páìpù yín wọlé. Bí ojú odò bá ti ga ju ojú gọ́tà tó rẹlẹ̀ jù lọ, tí kò sì sí ohun tó dí i lọ́nà, ó máa yọ síta bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Ó yẹ kí ìdérí tó ń ṣí síta nìkan wà lẹ́nu páìpù kọ̀ọ̀kan: omi gọ́tà á tì í ṣí, omi odò á sì tì í pa. Tí ẹ bá ní in tí omi ṣì ń yọ, a jẹ́ pé kò pa dé ibi tó yẹ. Igi kékeré kan tó há sẹ́nu rẹ̀, ike omi kan, tàbí ìṣáwùrù tó lẹ̀ mọ́ ibi tí ìdérí ń jókòó lé ti tó. Àbí kí irin tó gbé e rọ̀ ti dípẹtà, tí ìdérí wá dúró ní ìdajì.

Ìgbà tí omi bá fà jù ni kí ẹ lọ wò ó, kí ó jẹ́ èèyàn méjì, kí ẹnì kan dúró lókè. Ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ gbé ìdérí sókè, ẹ jù ú sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ padà, kó jókòó yíká láìsí àlàfo. Ẹ ha ìṣáwùrù kúrò, ẹ fi gíríìsì tí omi kì í fọ̀ lọ sí ibi tó ń yí. Oṣooṣù ni, àti lẹ́yìn ìjì kọ̀ọ̀kan. Irú kan wà tó jẹ́ rọ́bà, ẹnu rẹ̀ rí bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Kò ní irin tó máa dípẹtà, àmọ́ igi ṣì lè há sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò kì í sọ fún àwọn ará wọn ni pé nígbà tí ìdérí yẹn bá pa dáadáa, omi òjò pẹ̀lú kò lè jáde. Tí òjò ńlá bá pàdé omi kíkún, inú gọ́tà ni omi òjò máa dúró dè é títí odò á fi fà. Àyè inú gọ́tà ni ilé ìpamọ́ yín. Gọ́tà tí ẹrẹ̀ ti gba ìdajì rẹ̀ ti sọ ìdajì àyè yẹn nù. Nítorí náà, kí ìkéde ìmọ́tótó máa jáde ní ọjọ́ bíi mẹ́rin ṣáájú oṣù tuntun àti òṣùpá kíkún, kì í ṣe ọjọ́ kan náà. Kí ó sì wà nínú rẹ̀ pé ọjọ́ tí a bá kó ẹrẹ̀ jáde ni a máa kó o lọ. Ẹrẹ̀ tí a kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ló máa dá a padà.

Ní ti ògiri: ẹ sọ fún gbogbo onílé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sìmẹ́ńtì dí àwọn ihò kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Wọ́n rò pé ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni omi ẹ̀yìn ògiri ń gbà jáde. Nígbà tí odò bá fà, ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ṣì mu omi yó. Tí kò bá rí ọ̀nà, ó ń ti ògiri síta ni. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ máa rí i tó fì sí odò. Omi tó mọ́ tó ń kán láti ihò náà dára. Omi tó gbé ẹrẹ̀ dání kò dára: ó ń kó iyanrìn ẹ̀yìn ògiri lọ, kòtò á sì là nínú ọgbà ẹnì kan láìpẹ́. Ẹni tó bá rí ilẹ̀ tó rì, tó tilẹ̀ fẹ̀ bí àwo oúnjẹ lásán, kó má fi iyanrìn dí i kó sì dákẹ́. Kó sọ, nítorí ibi tí iyanrìn àkọ́kọ́ gbà lọ ni ìkejì máa gbà. Òkúta wẹ́wẹ́ àti aṣọ tó ń sẹ́ omi, tó sì ń dá iyanrìn dúró, ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀yìn ògiri.

Tí ẹ bá rí ibi tó sán, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì, ẹ wọn àárín wọn, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Èyí tó ń fẹ̀ sí i, àti èyí tó sán gbọọrọ ní ìbú ògiri, ẹ pe ẹnjiníà. Ẹ so irin wúwo mọ́ okùn, kí ẹ máa fi wọn ìjìnlẹ̀ ìdí ògiri ní ibì kan náà nígbà tí omi bá fà. Tó bá ń jìn sí i, ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré kọjá lè wà lára ohun tó ń gbẹ́ ẹ, ó sì yẹ kí ìkéde "ẹ dẹ ẹsẹ̀" wà fún wọn. Ohun wúwo bíi táǹkì omi, òkìtì búlọ́ọ̀kù, ọkọ̀ akẹ́rù: ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ ògiri ju bí ògiri náà ṣe ga tó lọ. Ògiri mítà 2, mítà 2 sẹ́yìn.

OnínáÈbúté

Jẹ́tì tó ní iná gbọ́dọ̀ ní pátákó, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì jẹ́: A KÌ Í LÚWẸ̀Ẹ́ NÍBÍ. Wáyà tó bó lára ọkọ̀ tàbí lára jẹ́tì lè máa tú iná sínú omi láìsí ẹni tó mọ̀. Omi odò tí kò níyọ̀ ló burú jù, nítorí pé ara èèyàn ń gbé iná ju omi náà lọ, iná á wá gba ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ kọjá. Iná tí kò tó nǹkan lè mú kí iṣan ara rọ, ẹni tó mọ̀wẹ̀ á rì láìké. Nínú omi iyọ̀ ewu náà dín kù, ṣùgbọ́n odò yín ń bá òkun kún ó sì ń bá òkun fà, iyọ̀ inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí náà òfin kan náà ni.

Kí ẹ ní irinṣẹ́ tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, èyí tí àwa oníná ń pè ní RCD. Fún ibi tí èèyàn ti ń fọwọ́ kan nǹkan, 30 mA ni, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń jò tó máa mú kó já. Bọ́tìnì ìdánwò wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, kó já lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá já kì í ṣe ohun tí a ń dúró de ìpàdé kí a tó ṣe: ẹ pa iná jẹ́tì títí oníná tó ní ìwé ẹ̀rí á fi dé. Tó bá sì ń já lójoojúmọ́, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ń ṣe. Ẹ yọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò lára iná títí ẹ fi máa rí èyí tó ń jò.

Kọ ìlà yìí sí ìsàlẹ̀ pátákó náà: "Bí ẹnì kan bá ń jìjàkadì nínú omi, má ṣe bẹ́ sínú rẹ̀. Pa swíìṣì ńlá, ju rọ́bà ìdóòlà, ké sí ìrànlọ́wọ́." Swíìṣì yẹn gbọ́dọ̀ wà ní orí ilẹ̀, kí ibi tó wà hàn, kí ó má sì sí nínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí rọ́bà náà ní okùn tó ń léfòó, ó kéré tán mítà 30. Àtẹ̀gùn ìgòkè sì gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ ojú omi nígbà tó bá fà jù, torí ẹni tó rẹ̀ nínú omi kò lè fa ara rẹ̀ sókè láti ibi tí ẹsẹ̀ kò ti rí ohun tẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÀdúgbò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìkéde ọjọ́ kejì, nígbà tí omi bá ti fà. Òun ni kì í sábà jáde, ọjọ́ yẹn sì ni ara máa ń gbọgbẹ́.

Bí omi bá wọlé, kí oníná yẹ wáyà àti ojú iná wò kí wọ́n tó tan iná padà. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí èéfín rẹ̀ kọjú síbi tí kò sílé. Kò gbọ́dọ̀ wà nínú gáréèjì, bí ẹ tiẹ̀ ṣí i sílẹ̀. Omi gọ́tà àti ìtọ̀ eku ti dà pọ̀ mọ́ omi yẹn, nítorí náà bàtà rọ́bà ni, kí ẹni tó ní egbò sì bò ó. Ohun tó bá rin kí wọ́n gbé síta kó gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, torí lẹ́yìn ìyẹn ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Omi mímu tí kò dá wọn lójú, kí wọ́n sè é. Bí kò bá sí ìdáná, bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún: ẹ̀kán 2 fún lítà 1, ẹ rò ó pọ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Bí omi kò bá mọ́ gaara, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí ẹ tó fi sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀kán 4. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kí ìkéde mìíràn tẹ̀lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé kí gbogbo ilé da omi inú táyà, korobá àti ìkòkò òdòdó nù. Nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ni ẹyin ẹ̀fọn ń gbà kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, láìdúró de ìkún omi.

Fún àwọn tó ń rìn: omi tó ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ "omi púpọ̀".

AlágaÀná

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n tí Akọ̀wé bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan náà tí wọ́n ti ń kí ara wọn kú ọjọ́ ìbí, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan fún pàjáwìrì, tí àwọn adarí nìkan lè kọ nǹkan sí. Ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ yòókù. Nínú ti pàjáwìrì, bí kò bá sí nǹkan, ẹ dákẹ́. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n máa kéde gbogbo omi kíkún: èyí tí kò ní dé nọ́mbà gọ́tà yín, orí kàlẹ́ńdà ni kó wà, kó má dún lórí fóònù ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ẹ má fi ṣe àwòrán. Àwòrán kò ṣeé wá padà, fóònù kò sì lè kà á sókè fún ẹni tí ojú ń dùn. Kí ọjọ́ àti déètì wà ní ìlà àkọ́kọ́, torí wọ́n máa fi ránṣẹ́ káàkiri, ẹlòmíì á sì gbà á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bíi tuntun. Orúkọ ẹni tó jẹ owó àdúgbò, tàbí ilé tí àwọn ará ibẹ̀ rìnrìn àjò, kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìkéde kankan. Olè náà ń kàwé.

Akọ̀wéTuntun

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Màá kọ́kọ́ kun òpó náà. Ìbéèrè méjì ló kù: àwọn ìyá àti bàbá àgbà tí kò ní fóònù ńkọ́? Àti àpò iyanrìn: wọ́n ní kí n kọ bí wọ́n ṣe ń tò ó.

MọléEtíOmi

Àwọn àgbà: ẹ pín òpópónà sí ilé mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ yan ẹnì kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan àti igbákejì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kan ilẹ̀kùn àwọn tí kò ní fóònù, àwọn aláìlera, àti àwọn tó ní ọmọ ìkókó, kó sì fèsì fún akọ̀wé pé òun ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Títí ìpín tó kẹ́yìn á fi fèsì, iṣẹ́ ìkéde yẹn kò tíì parí.

Àpò iyanrìn: ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kí ẹ kún un. Èyí tó kún bámúbámú máa ń le, kì í jókòó, omi á gba àárín rẹ̀. Ẹ má so ẹnu rẹ̀. Ẹ ká a sábẹ́ àpò, kí ẹnu tí ẹ ká yẹn kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá nípọn sílẹ̀ kó gun ilẹ̀kùn lọ, ẹ to àpò lé e bíi búlọ́ọ̀kù, kí ti òkè bo ojú ìpàdé ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa fẹsẹ̀ tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan kó tó kan òmíràn. Fún ẹnu ọ̀nà, ìpele bíi mẹ́ta tó. Bí ẹ bá fẹ́ kó ga jù bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á tì í ṣubú. Kò ní dá omi dúró pátápátá, àá fi dín in kù ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí wọ́n ní aṣọ ìnulẹ̀ àti korobá nílé.

Lẹ́yìn tí omi bá fà, iyanrìn inú àpò tó rin ti mu omi gọ́tà. Kò gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí ọmọdé ń ṣeré, kò sì gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà. Ẹ yan ibì kan tí wọ́n á kó o jọ sí, ẹ kọ ọjọ́ tí a máa wá kó o sínú ìkéde ọjọ́ kejì tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn.